Ọtí Àgbàdo Lójú Ọ̀nà Ajah

Bí ọkọ̀ bá ti wọ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, ọtí kì í kúrò lójú ẹni mọ́. Pátákó ìpolówó ọtí kan wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì. Ìgò tí wọ́n yà síbẹ̀ ga ju ilé alájà méjì lọ, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ aṣọ olówó ńlá gbé gíláàsì dání, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nísàlẹ̀ pátákó kan náà, obìnrin kan ti to ìgò páráàgà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, àwọn awakọ̀ kórópe yí i ká, oníkálukú ń ju tirẹ̀ sẹ́nu lórí ìdúró kí èrò tó kún ọkọ̀. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọtí líle ní Èkó òde òní, ojú ọ̀nà yìí ló yẹ ká gbà, torí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló wà níbẹ̀: èyí tí ọkọ̀ òkun gbé dé láti Kentucky, èyí tí wọ́n sè létí omi, àtèyí tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Àbúrò mi kan ló jẹ́ kí n rin ìrìn tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, ẹnjiníà ni, ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ló sì ti ríṣẹ́. Ó pè mí láti Ìbàdàn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mu bourbon. Òun làwọn tí a jọ fẹ́ máa ṣiṣẹ́ máa ń mu lálẹ́ Jímọ́ọ̀. Bíà nìkan ni mo mọ̀. Èyí tí wọ́n fún mi níbi ìgbéyàwó lọ́jọ́sí, iná ni mo gbé mì."

Inú mi dùn sí ìpè yẹn ju bó ṣe lè rò lọ. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó ń rówó ná, tó sì gbà pé nǹkan kan wà tí òun kò mọ̀, irú wọn ò wọ́pọ̀. Ohun tí mo máa ń rí lóde ni pé wọ́n á bu ọtí líle fún ọ̀dọ́ tí kò mu ún rí, wọ́n á ní kó dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa pàtẹ́wọ́ bí omijé bá bọ́ lójú rẹ̀. Lójú tèmi, ìkà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó mọ adùn ohun tó ń mu, bí yóò ṣe pa á nìkan ni yóò máa wá kiri, bí ọ̀mùtí sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lágbo ẹmu, ẹni tó gbé e wá ló ń kọ́kọ́ mu, kí ojú gbogbo wa lè rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọmọdé ló ń bu ọtí, àgbà ló ń mu ún. Ìgbà tí ọmọ bá ti bù ú títí, tó ti mọ òórùn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí igi sọ̀ àtèyí tó ti kan, ni wọ́n tó ń ní kóun náà fẹnu kàn án. Ìtàn ìṣẹ̀dáyé wa pàápàá kìlọ̀ fún wa. Ọbàtálá tí Olódùmarè rán níṣẹ́ mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gbé àpò ìwà, ó lọ ṣe iṣẹ́ náà. Títí dòní, èèwọ̀ ni ẹmu fáwọn olùsìn Ọbàtálá.

Ọ̀sán Sátidé la pàdé ní Lẹ́kkí Phase 1, torí ilé ìtajà ọtí kan wà ní Admiralty Way tí mo fọkàn tán. Ọtí tò lọ bẹẹrẹ níbẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Mo ní kí àbúrò mi má tíì mú nǹkan kan, kó kọ́kọ́ máa ka ara ìgò ná. Ọ̀pọ̀ wa ní Èkó ló ń pe gbogbo ọtí pupa ní wísíkì, bẹ́ẹ̀ orírun wọn ò papọ̀. Èso àjàrà ni wọ́n fi ń ṣe Hennessy nílẹ̀ Faransé. Johnnie Walker wá láti Scotland, Jameson láti Ireland. Jack Daniel's wá láti ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lòun àti bourbon, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ bourbon sára ìgò tirẹ̀.

Bourbon ní òfin tó dè é. Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ti lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wá láti ìpínlẹ̀ Kentucky. Ní May 1964, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé ohun ìní orílẹ̀-èdè àwọn ni. Nínú ọkà tí wọ́n bá fi ṣe é, ó kéré tán, ìdá 51 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo. Inú àgbá igi óákù tuntun, tí wọ́n ti fi iná jó inú rẹ̀ di èédú, ni wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí. Wọn ò gbọdọ̀ fi aró tàbí èròjà adùn kankan sí i. Agbára ọtí tó bá dénú ìgò ò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 40 nínú 100 lọ.

"Àgbàdo kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

Àgbàdo ni. Mo bi í bóyá ó ti mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí. Ó ní ìyá ìyá òun máa ń pọn ọ́n nígbà tóun wà ní kékeré. Ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti mọ ìdajì iṣẹ́ bourbon. Wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á jẹ́ kó hù, torí pé ọkà tó bá ń hù ló lè sọ ìyẹ̀fun inú ara rẹ̀ di ṣúgà. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó kan. Ní Kentucky, ọkà báálì ni wọ́n sábà máa ń mú hù, wọ́n á dà á mọ́ àgbàdo sísè kó lè bá wọn sọ ọ́ di ṣúgà. Wọ́n á fi ọkà ráì tàbí àlìkámà díẹ̀ kún un, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i. Tó bá fi máa tó bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti di ọtí tí agbára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti bíà lọ. Ibi tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ parí sí nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé ti bourbon kaná.

Maker's Mark la rà, èyí tí wọ́n fi ìda pupa bo ọrùn ìgò rẹ̀. Àlìkámà ni wọ́n fi sí i dípò ráì. Ráì máa ń ta lẹ́nu bí ata díẹ̀, àlìkámà ò rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi í bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò mu irú rẹ̀ rí. Ìdá 45 nínú 100 ni agbára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mo ra ìgò kékeré kan ti Pedro's, ògógóró tí Lola Pedro àti alájọṣe rẹ̀ ń ṣe fún ọjà àwọn tó mọ iyì nǹkan, torí pé mi ò fẹ́ kí àbúrò mi rò pé òyìnbó nìkan ló mọ ọtí í sè.

A bọ́ sójú títì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì mú wa láti Ìkátẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé Sátidé kì í ṣe ìsinmi níbẹ̀: ọkọ̀ àwọn tó ń lọ òde ìgbéyàwó, ọkọ̀ àwọn tó ń lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà, táńkà, dánfó. Àwọn ọmọ tó ń ta ìpékeré àti gúgúrú ń gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nípa wísíkì Amẹ́ríkà fún un, ìtàn Nathan Green.

Ẹrú ni Nathan Green, ọmọ adúláwọ̀, Nearest ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní agbègbè Lynchburg, ní Tennessee, lórí oko oníwàásù kan tó ń jẹ́ Dan Call, òun ló ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń sè wísíkì. Ọmọ aláwọ̀ funfun kan wá ń ṣiṣẹ́ lóko náà, oníwàásù yẹn sì fi ọmọ náà lé Nearest lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ níṣẹ́. Jack Daniel lorúkọ ọmọ náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, tí ẹrú di òmìnira, tí Jack Daniel sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Nearest ló fi ṣe ọ̀gá àwọn tó ń sè ọtí. Ìgò Jack Daniel's kárí ayé, àwọn ará Èkó ń nà án sókè lóde àríyá, ṣùgbọ́n ó di 2016, tí ìwé ìròyìn New York Times gbé ìtàn náà jáde, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ orúkọ ọ̀gá tó kọ́ Jack níṣẹ́. Ní 2017, Fawn Weaver, obìnrin adúláwọ̀ kan, gbé wísíkì kan jáde tó sọ ní Uncle Nearest. Victoria Eady Butler, ọmọ ìran Nearest fúnra rẹ̀, ló ń po ọtí náà pọ̀.

Àbúrò mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àwọn èèyàn wa ló kọ́ wọn." Mo ní a ò mọ ìlú tí wọ́n ti kó àwọn baba Nearest, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó wọn, ọwọ́ ọmọ Áfíríkà sì wà nínú ìgò náà. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i tí ọmọ wa gbé wísíkì dání bíi pé àlejò lòun nídìí rẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀kánkán Chevron, ọ̀rọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ilé ìfọpo tó fẹ́ máa bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ṣí ní May 2023, wọ́n kọ́ ọ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lóòjọ́ ni, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe fún epo rọ̀bì náà ni wọ́n ń ṣe fún ọtí àgbàdo. "Ẹ̀gbọ́n, ohun kan náà ni," ó ti jókòó dáadáa báyìí, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe òpó gíga. "Ẹ fún un ní iná. Èyí tó fúyẹ́ jù á kọ́kọ́ di ooru, á gòkè; èyí tó wúwo á dúró sísàlẹ̀. Kálukú ní ìwọ̀n iná tó máa fi hó. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, májèlé nìyẹn, á ti hó kí iná tó dé 65°C. Ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí à ń mu, ó di nǹkan bí 78. Omi, ó di 100. Ẹni tó bá mọ iná í ṣọ́, á gba èyí tó fẹ́, á da ìyókù nù." Ó yé e ju bó ṣe yé mi lọ. Mo kàn fi kún un pé òfin ò gbà kí àwọn tó ń sè bourbon jẹ́ kí agbára ọtí tó ń jáde lórí iná kọjá ìdá 80 nínú 100, kí adùn ọkà má baà sá lọ pátá, àti pé kó tó wọ inú àgbá, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi omi fà á wálẹ̀ dé ìdá 62.5, ó pọ̀ jù. Ó béèrè bí àgbá wọn ṣe tóbi tó. Àgbá epo rọ̀bì tó mọ̀ gba lítà 159. Ti bourbon gba nǹkan bí 200.

Irà ni ilẹ̀ tí à ń gbà kọjá yẹn tẹ́lẹ̀. Lápá òsì, ní Lekki Conservation Centre tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, irà àti igbó rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Irà ni igi ògùrọ̀, tí ẹmu tí wọ́n fi ń sè ògógóró ń ti ara rẹ̀ wá, fẹ́ràn. Bí wọ́n ṣe ń da yanrìn sí irà láti fi kọ́ ilé ní Lẹ́kkí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn adẹ́mu ń sún síwájú, wọ́n ń lọ sí apá Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́ àti inú omi Oǹdó.

Lábẹ́ afárá Ajah, a yà kúrò lójú títì, a forí lé Ìlàjẹ. Orúkọ àwọn Ìlàjẹ, apẹja etíkun Oǹdó, ni àdúgbò náà ń jẹ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn dání wá síbẹ̀: ẹja yíyan, ọkọ̀ ojú omi, ògógóró. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, àbúrò mi náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ọjà o, Ìyá." Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣe pẹ́ tó báyìí? Ta lo mú wá?" Mo ní àbúrò mi ni, pé ó ń kọ́ ọtí. Ìyá wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó jókòó.

Ó gbé ìgò kan tí ọtí inú rẹ̀ mọ́ bí omi ẹ̀rọ, ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, ó mì ín lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì gbé e sókè sí oòrùn. Ìfófòó yọ, ó tóbi, ó sì parẹ́ lójú kan náà. "Èyí le," ó ní. Ó gbé ìgò kejì, ó mì ín. Ìfófòó tirẹ̀ kéré, ó sì lẹ̀ mọ́ ara ìgò fúngbà díẹ̀ kó tó lọ. "Èyí, omi ti wọ̀ ọ́." Àwọn tó ń sè wísíkì láàárín igbó ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ máa ń mi ìgò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ohun tí ìyá yìí sì ń wò náà ni wọ́n ń wò. Lẹ́yìn náà, ó da ẹ̀kán díẹ̀ sí àbúrò mi látẹ́lẹwọ́, ó ní kó fi ọwọ́ méjèèjì ra a kó sì gbóòórùn. Líle rẹ̀ kọ́kọ́ bá imú rẹ̀, ó fa orí sẹ́yìn. Ìyá ní, "Dúró ná. Tún un gbóòórùn." Lẹ́ẹ̀kejì, líle náà ti fẹ́ lọ, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni òórùn ẹmu, òórùn igi ògùrọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ là. Kò sí èyí tó mu nínú wa níbẹ̀, torí èmi ni mò ń wakọ̀.

Ìyá ṣàlàyé bí àwọn èèyàn òun ṣe ń sè é lábúlé. Ẹmu ògùrọ̀ á kan fún ọjọ́ mélòó kan nínú àmù tàbí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á dí i pa, wọ́n á dáná sí i nídìí. Páìpù á gba inú omi tútù kọjá, ooru á di ọtí, á máa kán sínú ìgò. "Èyí tó bá kọ́kọ́ kán, a kì í mu ún," ó ní, "ojú ló ń bà jẹ́." Àbúrò mi yíjú sí mi. Mẹ́tánọ́ọ̀lù tí òun ń sọ nínú ọkọ̀ ni ìyá ń sọ, ìyá tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà rí.

Ọtí òyìnbó kì í ṣe àjèjì létíkun yìí. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló fi ṣe ibùjókòó, etíkun Lẹ́kkí ló sì ń gbà bá àwọn oníṣòwò òyìnbó dòwò pọ̀. Tábà àti ọtí wà lára ẹrù tí ọkọ̀ wọn ń kó wá sílẹ̀ wa nígbà náà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gorí àlééfà, owó orí ọtí jíìnì tó ń ti òkè òkun wọlé di ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń bọ́ ìjọba Èkó. Nígbà tí àwọn èèyàn wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í sè tiwọn, ìjọba kan náà sọ pé ó lòdì sófin, ọlọ́pàá ń wọ inú omi lọ fọ́ dúrọ́ọ̀mù wọn. Lọ́dọ̀ àwọn ará Benin àti Togo, irú ọtí yìí ni wọ́n ń pè ní sódàbì, orúkọ ọkùnrin ará Allada kan tí wọ́n ní ó kọ́ iṣẹ́ náà nílẹ̀ Faransé láyé ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ní Ghana, akpeteshie ni. Ọwọ́ kan náà ni àwọn òyìnbó fi mú gbogbo wọn.

Síbẹ̀, ó tọ́ ká bẹ̀rù ọtí tí a ò mọ orísun rẹ̀. Ní April 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn èèyàn ṣàdédé fọ́, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, nínú ọtí tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún kan náà, ìyẹn ni NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn, fi kéde ní June 2015 pé òun fòfin de ògógóró. Mo sọ èyí fún àbúrò mi nígbà tí a padà dénú ọkọ̀, torí mímì tí ìyá ń mi ìgò ń sọ bí ọtí ṣe le tó. Kò lè sọ bóyá ẹ́tánọ́ọ̀lù ni tàbí mẹ́tánọ́ọ̀lù. Imú ò lè sọ ọ́, ahọ́n náà ò lè sọ ọ́. Àyẹ̀wò àti ẹni tó sè é nìkan ló lè fi ọkàn wa balẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò ni mo rà ní Lẹ́kkí láti gbé délé.

A gba oríta Abraham Adesanya kọjá, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé ilé mi ní Sangotedo. Ìyàwó mi ti dín dòdò, ó ti ṣe àsun sílẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi jẹun yó ná. Ẹni tí ebi ń pa kò gbọdọ̀ fi ọtí líle bẹ̀rẹ̀, kò sí ìdí fún àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Mo tún sọ fún un, kó má baà rò pé oògùn ni mo fẹ́ fún un, pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba ní January 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu fún ìlera. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún, kó mọ̀ pé adùn rẹ̀ ni òun ń mu, kì í ṣe ìlera.

Mo bu ìwọ̀n tó lè bo ìdí gíláàsì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Má tíì mu ún. Gbé e sábẹ́ imú, ya ẹnu díẹ̀, kí o rọra mí sínú." Ẹni tó bá pa ẹnu dé, líle ọtí ni yóò gba imú rẹ̀, tó bá yanu díẹ̀, líle náà á fẹ́, òórùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì jáde. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá dúdú." Mi ò sọ ọ́ fún un. Òórùn ṣúgà tí wọ́n yan mọ́ àgbọn, bó ṣe máa ń ta lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á nílé ẹ̀kọ́ nígbà èwe wa, òun gan-an ló wà níbẹ̀. Inú igi ló ti wá. Nígbà tí wọ́n fi iná jó inú àgbá óákù, ṣúgà tó wà nínú igi náà yan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Kentucky, ooru á ti ọtí wọ inú igi, ìgbà òtútù á fà á padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe lọ́dọọdún. Ibẹ̀ ló ti gba òórùn, ibẹ̀ ló sì ti gba àwọ̀ pupa rẹ̀. Ọtí tó mọ́ bí omi, bíi ti ìyá Ajah, ló wọ inú àgbá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì máa fẹ́ lọ sójú ọ̀run lọ́dọọdún, wọ́n ní ìpín àwọn áńgẹ́lì ni.

Mo ní kó fi díẹ̀ kan ahọ́n, kó yí i ká ẹnu, kó tó gbé e mì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Mo ní kó má sọ nǹkan kan. Ahọ́n tí ọtí líle ò dé rí, ẹnu àkọ́kọ́ kàn ń kìlọ̀ fún un ni. Ẹnu kejì la fi ń mọ ọtí. Ó mu omi, ó jẹ ẹyọ àsun kan, ó tún un mu. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ojú dé. "Àgbàdo sísun wà nínú rẹ̀," ó ní. "Ó wá ń móoru láyà." Mo fi ṣíbí kán omi díẹ̀ sí i, ẹ̀kán mẹ́rin tàbí márùn-ún, mo ní kó tún gbóòórùn. Òórùn náà yàtọ̀, ó rọ̀, ó dà bíi pé wọ́n fi oyin sí i. Ẹnu yà á pé omi kò ba ọtí jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin lóde Èkó ni kò ní gbà kí omi kan ọtí wọn, wọ́n rò pé àìlágbára ni. Àwọn tó ń po ọtí náà ní Kentucky fúnra wọn máa ń fi omi là á kí wọ́n tó tọ́ ọ wò.

Lẹ́yìn náà ni mo bu Pedro's lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀ gan-an. Kò sí àwọ̀ lára rẹ̀, kò sí bàbá dúdú nínú rẹ̀, torí kò wọ àgbá óákù. Òórùn ìrọ̀lẹ́ Ìlàjẹ ni, ẹmu àti èso. Àbúrò mi mu ún, ó mu bourbon, ó padà sí ògógóró. Ó ní bí òun bá fẹ́ jókòó pẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, bourbon lòun yóò mu. Bí òun bá fẹ́ rántí ilé, ògógóró ni. Ìdájọ́ tó ṣe yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kó yan ọ̀kan lọ. Ó gbé gíláàsì kalẹ̀, ó ní ó tó. Mi ò rọ̀ ọ́ kó mu sí i. Ẹni tó bá ní ó tó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí kò mu rárá, yálà nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera tàbí torí pé kò wù ú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni béèrè ìdí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé mi ló sùn mọ́jú.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọtí òkè òkun. Àwọn kan wà ní Èkó tó ń ra ìgò òfìfo àwọn ọtí olówó ńlá, pàápàá èyí tí lébẹ́ẹ̀lì àti ìdérí rẹ̀ ṣì mọ́, wọ́n ń po ohun tí wọ́n bá rí sínú rẹ̀, wọ́n ń tà á padà fún àwọn tí kò mọ̀. NAFDAC ti mú irú wọn. Bí ìgò yín bá tán, ẹ má tà á, ẹ má sì fi í sẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó ń kó ilẹ̀. Ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ fọ́ ọrùn rẹ̀, kí ẹ tó jù ú nù.